Ọ̀bẹ àpò mẹ́ta, irin mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: kí la máa fi pọ́n wọn?

Olóko_Ọsàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ọ̀bẹ àpò mẹ́ta ló wà nílẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kú pátápátá. Opinel No. 8 tí wọ́n kọ “Carbone” sí lára, tèso àti oúnjẹ nìyẹn. Victorinox pupa, òun la fi ń gé ojú ọsàn tí a fẹ́ lẹ̀ mọ́ ìdí igi mìíràn. Ẹ̀kẹta wá láti Ṣáínà, wọ́n tẹ D2 sí i lára, okùn àti páálí ni tirẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà: òkúta eérú olójú méjì (ojú kan ṣe gbágungbàgun, ìkejì dán díẹ̀), nǹkan kékeré onígun V tí wọ́n ń fa ọ̀bẹ gba àárín rẹ̀, àti àpótí kan tó ní ọ̀pá tó ń di igun mú fúnra rẹ̀. Èwo ni kéèyàn fowó rà? Àbí kéèyàn kàn gbé wọn fún àwọn tó ń fi òkúta yíyí pọ́n ọ̀bẹ kiri àdúgbò?

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ méjì kúrò nínú ọ̀rọ̀.

Onígun V yẹn, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Irin líle méjì ló kọjú síra nínú rẹ̀. Wọn kì í pọ́n ọ̀bẹ, híhọ ni wọ́n ń họ ọ́. Ojú ọ̀bẹ á rí jágajàga, á gé tòmátò dáadáa lọ́jọ́ náà, kò ní pẹ́ kó tún kú, ẹ ó sì tún fà á. Níwọ̀n bí kò ti lè dé ìdí ojú ọ̀bẹ, níbi tó ti wọ èèkù, ibẹ̀ á ga sílẹ̀, iwájú rẹ̀ á jẹ wọnú. Tó bá dé bẹ́ẹ̀, ọ̀bẹ kò ní lè kan pátákó délẹ̀ mọ́, àlùbọ́sà á máa so mọ́ra lẹ́yìn tí ẹ rò pé ẹ ti gé e tán.

Òkúta yíyí dára fún àdá, kò sì burú fún ọ̀bẹ ìdáná tó nípọn. Ti ọ̀bẹ àpò kọ́. Ojú rẹ̀ tín-ín-rín jù, ooru á ti wọ̀ ọ́ kí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n. Irin bíi ti Opinel Carbone, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbóná rẹ̀ tí wọ́n rì í kó le, nǹkan bíi 200°C ni wọ́n máa ń fi rọ̀ ọ́ padà díẹ̀ kó má bàa ṣẹ́. Ooru tó bá ju ìyẹn lọ á sọ ọ́ di aláìlágbára. Bí ojú ọ̀bẹ bá yí sí àwọ̀ rúsúrúsú lórí òkúta, ó ti ń bọ́ lọ́wọ́ yín. Bó bá ti di búlúù, ó ti tó nǹkan bíi 300°C níbẹ̀, kò sì ní di mímú dúró mọ́ títí ẹ ó fi pọ́n gbogbo ibi tó ṣe búlúù náà dànù.

Ó wá ku òkúta àti àpótí oní-ọ̀pá. Irin tó wà lọ́wọ́ yín ló máa sọ èwo.

Opinel Carbone: carbon inú rẹ̀ tó 0.9%, kò sì ní chromium tó lè gbà á lọ́wọ́ ìpẹtà. Òkúta èyíkéyìí ló ń jẹ ẹ́. Kódà òrùka ìdí kọ́ọ̀pù tánganran, ibi tí kò dán yẹn, lè gbé e dìde díẹ̀.

Victorinox: irin 1.4110 ni, líle rẹ̀ kò ju 55 sí 56 HRC (òṣùwọ̀n líle irin) lọ. Ó rọrùn láti pọ́n, ó sì ń tètè kú. Wàhálà rẹ̀ ni irin fẹ́lẹ́ tó máa ń ká sójú rẹ̀ tí kì í fẹ́ já.

D2: carbon nǹkan bíi 1.5%, chromium nǹkan bíi 12%. Èyí tó pọ̀ nínú chromium náà ti so mọ́ carbon, ó ti di wóró líle tó fọ́n káàkiri inú irin. Ìdí nìyẹn tó fi ń mú pẹ́, ìdí kan náà nìyẹn tó fi ń dípẹtà bó tilẹ̀ ní chromium tó báyẹn. Òkúta eérú á pọ́n ọn o, ṣùgbọ́n ilẹ̀ á ṣú bá yín níbẹ̀. Dáyámọ́ńdì ni kí ẹ lò fún un.

Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ fẹ́ náwó, ẹ ra irin pẹlẹbẹ oní-dáyámọ́ńdì olójú méjì, kí gígùn rẹ̀ má dín ní sẹ̀ǹtímítà 15. Kí ojú kan wà ní nǹkan bíi nọ́mbà 400, kí ìkejì tó 1000 (bí nọ́mbà bá ṣe ga tó ni ojú ṣe kúnná tó). Nínú ti ilé iṣẹ́ DMT, pupa (máíkírọ̀nù 25) àti ewé (máíkírọ̀nù 9) ló sún mọ́ ìyẹn; máíkírọ̀nù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà. Ẹ lẹ awọ mọ́ pátákó kan sí i. Irin tuntun á kọ́kọ́ ṣe bí ẹni pé ó ń họ ọ̀bẹ jù. Lẹ́yìn ọ̀bẹ mélòó kan á balẹ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tipátipá, títẹ̀ ló ń fa dáyámọ́ńdì tu kúrò lára irin tó gbé e.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Mọ́kọ́lá:
Gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ ló rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí ẹni tí owó rẹ̀ kò tíì tó dáyámọ́ńdì má jókòó lásán. Sáńpépà dúdú tí a ń fi omi lò, tí àwọn apènta mọ́tò ń rà, ń pọ́n ọ̀bẹ méjì àkọ́kọ́ yẹn dáadáa. Ẹ wá gíláàsì fèrèsé tó nípọn tó mílímítà 5, ẹ fi sáńpépà nọ́mbà 320 lé e, ẹ wọ́n omi sí i, omi náà á dì í mọ́ gíláàsì. Lẹ́yìn 320, ẹ bọ́ sí 600, lẹ́yìn náà 1000. Ẹ gé pépà kan sí mẹ́rin kó má ṣòfò.

Ohun kan ni kò gbọdọ̀ ṣì yín lọ́wọ́: ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni kó ṣáájú, kí ojú máa tẹ̀ lé e. Bí ojú bá ṣáájú, ńṣe lẹ ó gé sáńpépà sí méjì.

Òkúta eérú ọjà náà wúlò, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó tẹ́jú. Ọ̀pọ̀ ló ti rọ́ kóńdọ́ láti ilé iṣẹ́. Ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà wínníwínní sí i lójú, ẹ wá fi òkúta náà ra ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú pẹ̀lú iyanrìn kíkúnná àti omi. Ibi tí ìlà pẹ́ńsùlù bá kù sí, ibẹ̀ ni kòtò wà. Ẹ máa rà á lọ títí gbogbo ìlà fi pa rẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yan ọ̀kan nínú omi àti òróró. Òkúta tó bá ti mu òróró kò ní gba omi mọ́. Bó bá dí, kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì eyín àtijọ́ á ṣí i.

Olóko_Ọsàn:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Dígírì 20 tí gbogbo èèyàn ń pè yìí, ta ló ń fojú wọ̀n ọ́n? Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ọwọ́ ò tíì yẹ̀?

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ:
Ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni kí ẹ wọ̀n, ẹ fi igun sílẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá fẹ̀ ní mílímítà 20 láti ojú dé ẹ̀yìn, tí ẹ fẹ́ dígírì 20, ẹ fi 0.34 sọ 20 di púpọ̀: ó tó mílímítà 7 tí ẹ̀yìn ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ fi ga kúrò lórí òkúta. Fún dígírì 15, 0.26 ni kí ẹ lò, á jẹ́ mílímítà 5 ó lé díẹ̀. Káàdì ATM nípọn tó mílímítà 0.76, nítorí náà mẹ́sàn-án lórí ara wọn ni dígírì 20, méje ni dígírì 15. (Báńkì ti fún gbogbo wa ní èyí tó ti kọjá àsìkò tó bẹ́ẹ̀.) Ẹ tò wọ́n sórí òkúta, ẹ gbé ẹ̀yìn ọ̀bẹ lé wọn, kí ọwọ́ mọ bó ṣe rí, lẹ́yìn náà ẹ kó wọn kúrò.

Victorinox fúnra wọn ní dígírì 15 sí 20 ni kí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan wà. Ẹ fi èyí tí ẹ fi ń gé ojú ọsàn sí 15. Opinel, 15 sí 17. D2, ẹ má lọ sílẹ̀ ju 20: bó bá tín-ín-rín jù, wóró líle inú rẹ̀ á máa já bọ́, ojú á ṣẹ́ wẹ́wẹ́.

Ẹ fi máàkà dúdú kun gẹ̀rẹ́ ojú ọ̀bẹ (ibi tó dà wá sí ojú tó ń gé) lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ẹ fà á lẹ́ẹ̀mejì péré, ẹ gbé e wò. Bí dúdú bá ṣí lókè gẹ̀rẹ́ nìkan, tó kù sí ojú gan-an, ẹ ti tẹ ọ̀bẹ sílẹ̀ jù, ẹ̀gbẹ́ lẹ ń pọ́n. Bó bá ṣí lójú nìkan, ẹ gbé e ga jù. Bó bá ṣí délẹ̀, ẹ wà níbẹ̀. Ẹ tún un kùn nígbàkigbà tí ó bá rú yín lójú, máàkà kò wọ́n.

Wàyí o, iṣẹ́:

Ojú nọ́mbà 400 lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni kí ẹ máa pọ́n, láti ìdí dé ṣóńṣó, títí irin fẹ́lẹ́ kan á fi ká sí òdìkejì. Ẹ fi àtàńpàkò wá a: láti ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni kí ọwọ́ ti máa bọ̀ wá sójú, kó sì bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ má fi ọwọ́ tẹ̀ lé ojú ọ̀bẹ lọ gbọọrọ. Ẹ ó mọ̀ ọ́n bí nǹkan tó ń kọ́ awọ ọwọ́. Ó gbọ́dọ̀ wà láti ìdí dé ṣóńṣó. Bó bá wà láàárín tí kò sí ní ṣóńṣó, ṣóńṣó kò tíì dé, ẹ kò gbọdọ̀ kúrò lórí 400. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba iṣẹ́ jẹ́: wọ́n ń sáré lọ sórí òkúta dídán nígbà tí ojú ọ̀bẹ kò tíì pàdé ara rẹ̀. Òkúta 1000 kò lè ṣe iṣẹ́ tí 400 kò parí, dídán lásán ló máa dán.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí i padà, ẹ ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì bẹ́ẹ̀. Tí irin kíká náà bá ti padà sí ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ẹyọ kan síhìn-ín, ẹyọ kan sọ́hùn-ún, ẹ máa dín agbára ọwọ́ kù. Bí òṣùwọ̀n ìdáná bá wà nílé, ẹ gbé òkúta lé e kẹ́ ẹ wò ó: nǹkan bíi kílò kan tó fún ìbẹ̀rẹ̀, gírámù 200 sì ti pọ̀ fún ìparí. Ẹ wá lọ sórí 1000, irú kan náà, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ní ibi tí ojú ọ̀bẹ ti ń rọ́ lọ sí ṣóńṣó, ẹ gbé èèkù sókè díẹ̀ kí gẹ̀rẹ́ lè máa kan òkúta. Kí ẹ sì dúró nígbà tí ṣóńṣó ṣì wà lórí òkúta. Ẹni tó bá jẹ́ kó yọ̀ bọ́ sílẹ̀ á bá ṣóńṣó tó ti di roboto.

Irin_Ò_Jẹ_Irin:
Ẹ̀gbọ́n, mo bá yín jiyàn díẹ̀. Ẹ kọjá lórí àpótí oní-ọ̀pá bí ẹni pé ti ọ̀lẹ ni. Ẹni tó bá ń pọ́n ọ̀bẹ lẹ́ẹ̀kan lóṣù kò ní ní ọwọ́ tó dúró láéláé. Kò sí ìgbà tí ọwọ́ náà á mọ́ ọn lára. Irú Lansky tó ń di ọ̀bẹ mú ní ihò fún dígírì 17, 20, 25 àti 30. Ẹ ti ọ̀pá bọ ihò 20, igun náà kò ní yẹ̀. Work Sharp Guided Field náà wà, ó kéré, ó ní dáyámọ́ńdì 220 àti 600, ọ̀pá seramíìkì àti awọ lára, ibi tí ẹ ó gbé ọ̀bẹ lé sì ti dà gẹ̀rẹ́ sí dígírì 20 tẹ́lẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé D2 ni wàhálà rẹ̀, ìyẹn á yọ ọ́.

Àbùkù wọn tèmi mọ̀: irin tó ń di ọ̀bẹ mú lè yọ̀ kó ha ọ̀bẹ lára, nítorí náà ẹ lẹ téèpù mọ́ ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó dì í. Bí ọ̀bẹ bá gùn, igun á máa yí bí ọ̀pá bá ṣe ń jìnnà sí ibi tí ẹ dì mú, ṣóńṣó á wá tín-ín-rín ju ìdí lọ. Ọ̀bẹ kékeré ara Victorinox kì í fẹ̀ tó láti dì mú, ọ̀pá á máa lu irin.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ:
Ọ̀rọ̀ yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, mo gbà fún D2. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ya pípọ́n ọ̀tun sọ́tọ̀ kúrò lára ìtọ́jú. Irú Sharpmaker ti Spyderco, tó jẹ́ ọ̀pá seramíìkì méjì tó dúró bíi V, tó ń fún ojú ọ̀bẹ ní dígírì 30 tàbí 40 lápapọ̀, ohun ìtọ́jú tó dára ni. Ẹ gbé D2 tó ti kú fin-ín-fin-ín lé ọ̀pá pupa rúsúrúsú rẹ̀, apá á dùn yín kó tó gbéra. Àwọn tó fi ń bínú sí irinṣẹ́ yẹn, ọ̀bẹ tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fi dáyámọ́ńdì tún ṣe ni wọ́n gbé lé e.

Ìyá_Alásè:
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀ ń sọ ti pípọ́n, ẹ ò sọ ti ìpẹtà. Opinel Carbone yẹn tí wọ́n fi ń gé èso, ṣé kì í ṣe pé ó máa dúdú ni? Òróró wo la lè fi pa á tí kò ní ba oúnjẹ jẹ́? Àwọn kan ń fi epo pupa pa á.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Mọ́kọ́lá:
Ẹ káàárọ̀ mà. Dúdú kì í ṣe àrùn rẹ̀, pupa ni àrùn rẹ̀. Oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú, máńgòrò àti ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń yí irin báyìí padà sí eérú àti dúdú. Àwọ̀ yẹn lẹ̀ mọ́ irin tímọ́tímọ́, ó sì ń dí ọ̀nà mọ́ ìpẹtà pupa díẹ̀. Ẹ má fi sáńpépà họ ọ́ kúrò. Bí ẹ bá fẹ́ kó tètè mú àwọ̀ náà ní ọgbọọgba, ẹ fọ ọ̀bẹ pẹ̀lú ọṣẹ kó má ní òróró lára rárá, ẹ wé e sínú aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó rin fún ọtí kíkan (vinegar) fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ. Ọtí kíkan ń jẹ ojú ọ̀bẹ náà, nítorí náà ẹ fà á lórí awọ lẹ́yìn ìyẹn.

Ìpẹtà pupa ni kí ẹ lé. Ẹ kán òróró sí i, ẹ fi sáńpépà nọ́mbà 1000 tàbí irun irin kíkúnná pa á wẹ́rẹ́. Bó bá ti jẹ ihò wọ irin, ẹ ò lè dá irin yẹn padà, ẹ kàn dá a dúró níbi tó dé.

Epo pupa, òróró ẹ̀pà, àdín: kò sí èyí tí mo máa kán sínú ìdè ọ̀bẹ (ibi tó ti ń ká) nínú wọn. Afẹ́fẹ́ máa ń sọ wọ́n di ohun tó ń lẹ̀ bí oje igi, ọ̀bẹ á wá le láti ṣí. Òróró alumọ́nì funfun tí kò ní òórùn, èyí tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn, ni kí ẹ lò níbi tí oúnjẹ bá ti ń kàn án. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ dára gan-an fún ìdè, ẹ kàn nù ún kúrò lójú ọ̀bẹ kẹ́ ẹ tó gé nǹkan jíjẹ. WD-40 dára láti fi fọ ìdọ̀tí jáde, kì í ṣe láti fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ń gbẹ dànù, ìdè á sì tún padà sí bó ṣe wà.

Ẹni tó bá ń gbé ní etí òkun, Èkó, Bàdágìrì, Kútọnu, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ kì í dúró de òjò. Ẹ nu Carbone àti D2 pẹ̀lú òróró díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ má sì fi wọ́n pamọ́ sínú àkọ̀ awọ. Awọ ń mu omi, ó ń dì í mọ́ irin lára.

Ìyá_Alásè:
Ẹ ṣé é o, Ọlọ́run á bùkún iṣẹ́ ọwọ́ yín.

Olóko_Ọsàn:
Ìròyìn dé o. Opinel ti mú. Victorinox ló ń dà mí láàmú: ó fá irun ọwọ́ kíá lẹ́yìn pípọ́n, àmọ́ kò tíì gé páálí dé ẹ̀ẹ̀kẹta tó fi kú. Ṣé irin rẹ̀ ni kò dáa ni?

Irin_Ò_Jẹ_Irin:
Irin kọ́. Irin kíká tí wọ́n sọ lẹ́ẹ̀kan ló ṣì dúró gbọnrangandan lójú ọ̀bẹ. Òun ló fá irun. Ìgbà tó kan páálí, ó wó.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ:
Bẹ́ẹ̀ ni. Irin rírọ̀ bíi 1.4110 kì í jẹ́ kó já, ńṣe ló ń fì sí ọ̀tún, fì sí òsì. Bí ẹ ṣe máa rí i: ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ dojú ọ̀bẹ kọ iná náà. Ojú tó pé kì í hàn, kò sí ibi tí iná á ti tàn padà. Ibi tó bá ń tàn wínrín, ó ti kú níbẹ̀ tàbí irin ká síbẹ̀. Ẹ sì tún lè fi òwú ìdì egbò rọra fà á láti ẹ̀yìn wá sójú, ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn ìkejì. Ẹ̀gbẹ́ tó bá já òwú mú ni irin náà ká sí.

Láti mú un kúrò, ẹ padà sórí ojú nọ́mbà 1000. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọ̀bẹ ga ju bó ṣe wà lọ díẹ̀, káàdì ATM kan tàbí méjì sí i. Ojú ni kó ṣáájú. Ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ tí irin ká sí, lẹ́ẹ̀kan ní ìkejì, kí ọwọ́ fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ìwọ̀n ọ̀bẹ nìkan ló ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ padà sí igun ti tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún fi òwú wò ó. Ẹyọ kan síhìn-ín ẹyọ kan sọ́hùn-ún ni o. Ẹni tó bá fa mẹ́wàá ní ẹ̀gbẹ́ kan ti tún ká irin tuntun sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Lẹ́yìn náà ni awọ. Kì í ṣe awọ ló ń yọ irin kíká tó nípọn, ohun tó kù fín-ín-fín ló ń nù kúrò.

Olóko_Ọsàn:
Irú awọ wo? Tí wọ́n bá ní kí n fi nǹkan ra á, kí ni?

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Mọ́kọ́lá:
Awọ bẹ́líìtì àtijọ́ tó jẹ́ awọ lóòótọ́, kì í ṣe rọ́bà tí wọ́n tẹ àwòrán awọ sí. Ẹ lẹ ẹ́ mọ́ pátákó tó tẹ́jú, kí inú rẹ̀ tó ṣe hóró-hóró dojú kọ òkè. Ọṣẹ ìdán aláwọ̀ ewé (chromium oxide, nǹkan bíi máíkírọ̀nù 0.5) ló dára jù. Bí kò bá sí, rubbing compound àwọn apènta mọ́tò ń ṣiṣẹ́. Kí ó tẹ́ lórí awọ bí ẹni fi pẹ́ńsùlù kùn ún ni, ẹ má rọ́ ọ jọ. Ẹ̀yìn ọ̀bẹ ló ń ṣáájú níbí, mẹ́wàá ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti tó. Tí ẹ bá dé òpin awọ, ẹ dúró kẹ́ ẹ tó gbé ọ̀bẹ. Ẹni tó bá ń fì í sókè bó ṣe ń dé òpin, ojú tó fi wákàtí kan ṣe ló ń sọ di kùkùté. Títẹ̀ pẹ̀lú ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí awọ rọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ká mọ́ ojú ọ̀bẹ.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ:
Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: kì í ṣe gbogbo ọ̀bẹ ló nílò awọ. Okùn, yálà ti ọ̀rá tàbí ti òwú, ń fẹ́ ojú tó ní eyín kéékèèké tí a kò lè fojú rí. Ẹ dúró ní 400 fún D2 tí ẹ fi ń gé okùn, ẹ yọ irin kíká rẹ̀, ẹ fà á lórí awọ lẹ́ẹ̀mejì péré, kó tán. Bí ẹ bá dán an títí á máa yọ̀ lórí okùn, ẹ ó sì rò pé kò mú.

Èyí tí ẹ fi ń gé ojú ọsàn ló nílò dídán. Ojú tó ní eyín á fa èèpo igi ya, ibi tí ó ya náà kò ní lẹ̀ mọ́ra dáadáa, àrùn á sì ráyè wọlé. Ẹ gbé e dé 1000 ó kéré tán, ẹ gbá a lórí awọ títí á fi gé ìwé rìsíìtì tín-ín-rín láìdún. Ẹ fi sípíríìtì nu ojú rẹ̀ láàárín igi kan sí èkejì, kẹ́ ẹ má gbé àrùn láti ara igi kan lọ sí òmíràn. Bí ó bá jẹ́ ọ̀bẹ tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ yìí tí gẹ̀rẹ́ rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ẹ̀gbẹ́ náà nìkan lẹ ó pọ́n. Ẹ̀gbẹ́ tó tẹ́jú, ẹ gbé e sùn pẹrẹsẹ lórí òkúta dídán, ẹ̀ẹ̀mejì, kí irin kíká kúrò.

Nọ́mbà tún lè tan yín. Sáńpépà P1000 jẹ́ nǹkan bíi máíkírọ̀nù 18, òkúta 1000 ti ilẹ̀ Japan jẹ́ nǹkan bíi 14. Ẹ máa bi ẹni tó ń tà á ní máíkírọ̀nù tó bá mọ̀ ọ́n.

Pẹ́kẹ́mù_SE15:
Ẹ kú ìjókòó o. Fún àwa tí a wà ní Ìlú Ọba, kí ẹnikẹ́ni má gbé Opinel No. 8 sápò torí ó rí i níbí o. Òfin 1988 (Criminal Justice Act, abala 139) gba ọ̀bẹ kíká tí ojú rẹ̀ kò ju ínṣì 3 lọ láyè lápò láìsí àlàyé, bí kò bá sáà ní ohun tó ń tì í pa lẹ́yìn tó ṣí. Opinel No. 8, ojú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 8.5, òrùka Virobloc tí wọ́n ti ń fi sí i láti 1955 sì ń tì í. Méjèèjì ló kọjá ààlà, ẹ gbọ́dọ̀ ní ìdí gidi tí ẹ fi gbé e. Victorinox kékeré tí kò ní ìtìpa kò ní wàhálà yẹn. Nínú ọkọ̀ òfuurufú, inú ẹrù abẹ́ ọkọ̀ ni gbogbo wọn ń lọ.

Irin_Ò_Jẹ_Irin:
Ẹ ṣeun, ìyẹn ṣe pàtàkì. Ẹ jẹ́ ká mẹ́nu ba ìdè náà. Ìdọ̀tí àpò, iyanrìn àti oje èso máa ń kó sínú ìdè, ọ̀bẹ á máa ṣí jáijái. Victorinox: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ, ẹ máa ṣí i pa á nínú omi náà, ẹ fi igi ìtayín họ inú, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ kán òróró ẹyọ kan sí ìdè kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ kan ni mo wí. Òróró púpọ̀ ń pe eruku, pàápàá nígbà ọyẹ́.

D2 onísíkúrù ṣeé tú. Torx (orí síkúrù onírìísí ìràwọ̀) T6 tàbí T8 ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ má fi èyí tí kò ba orí síkúrù mu gbìyànjú rẹ̀, orí náà á yọ́. Tí ẹ bá ń dè é padà, ẹ kán Loctite búlúù (gọ́ọ̀mù tí kì í jẹ́ kí síkúrù tú) díẹ̀ sí síkúrù ìdè, ẹ má jẹ́ kó kan ara ojú ọ̀bẹ. Irin tó ń tì í pa nínú, ẹ má kán òróró sí ibi tí ó ti kan ìdí ọ̀bẹ. Bó bá ń yọ̀, ọ̀bẹ lè pa dé mọ́ ọwọ́.

Opinel kò ní síkúrù, ẹ má fi omi fọ̀ ọ́ bíi Victorinox. Igi ni èèkù rẹ̀, ó ń wú nígbà òjò, ọ̀bẹ á há sínú. Ẹ má fi eyín fà á: ẹ yí òrùka kúrò, ẹ di ẹ̀gbẹ́ èèkù mú, ẹ fi ìdí èèkù lu etí tábìlì, ojú ọ̀bẹ á yọ díẹ̀ tí ẹ ó fi rí i dì mú. Tó bá ti gbẹ nínú ilé (kì í ṣe nínú oòrùn, á sán), ẹ ká sáńpépà 240 mọ́ páálí tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi pa inú ihò náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì.

Olóko_Ọsàn:
Mo dúpẹ́ gan-an. Ó ku ẹyọ kan. Ṣóńṣó D2 ti ṣẹ́, tó mílímítà 2. Ṣé kí n pọ́n ojú rẹ̀ títí á fi dé ibẹ̀ ni?

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ:
Rárá o, ẹ̀yìn ni kí ẹ ti pọ́n ọn. Bí ẹ bá gbé ojú wá pàdé ẹ̀yìn, ṣóńṣó tuntun á sún sókè sí ìhà ẹ̀yìn ọ̀bẹ, bí ẹ bá sì ká ọ̀bẹ pa, á yọ jáde kúrò nínú èèkù, á máa gún yín lọ́wọ́ bí ẹ bá ti ki ọwọ́ bọ àpò. Ẹ lo ojú dáyámọ́ńdì tó ṣe gbágungbàgun jù tàbí sáńpépà 120 lórí gíláàsì, ẹ fi omi sí i. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọ̀bẹ, sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì tó kángun sí ṣóńṣó, lé e, ẹ máa rà á sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́ títí á fi pàdé ojú. Ẹ máa ká a pa wò láàárín iṣẹ́, kẹ́ ẹ rí i pé ó wọlé pátápátá. Tí wọ́n bá ti fẹ́ pàdé, ẹ bọ́ sí 400, kí ẹ sì máa fọwọ́ kan ibẹ̀. Bó bá ti ń gbóná mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ rì í sómi kẹ́ ẹ tó máa bá a lọ.